Ṣé Ẹ Ti Fà Á Wò?

Ṣáwà náà kọ́kọ́ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta kí omi tó jáde. Mo dúró nínú balùwẹ̀ wa láìwọ bàtà, símẹ́ńtì há sí èékánná mi, mo ń wo ẹnu ṣáwà náà bí ìgbà tí èèyàn ń wo ẹnu ọmọ tó fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Atẹ́gùn inú páìpù tú jáde, omi pupa díẹ̀ tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ni omi tó mọ́ gaara bẹ̀rẹ̀ sí í dà lé mi lórí.

"Ó ti dé o," mo ké sókè.

Ọ̀rẹ́ mi sọ̀ kalẹ̀ láti inú àjà, òwú aláǹtakùn bò ó lórí, ó sì wọ abẹ́ omi náà tòun taṣọ. A ń rẹ́rìn-ín, a ń ti ara wa kiri, títí ìyá mi fi yọjú sẹ́nu ọ̀nà, tó bi wá pé ṣé ṣáwà la ṣe ni àbí a gbẹ́ odò.

Ọjọ́ Sátidé ni. Ká ní ẹnìkan sọ fún mi ní wákàtí yẹn pé ọ̀rẹ́ mi ti dalẹ̀ mi, mo lè bá onítọ̀hún jà.

Ìgbín ni wọ́n ń pè mí nílé ẹ̀kọ́, Ìkarahun sì ni wọ́n ń pe ọ̀rẹ́ mi. Tíṣà kan ló fún wa lórúkọ náà nígbà tí a wà ní kíláàsì kejì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, nítorí pé bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀lé e. Ìjókòó kan náà la jọ ń jókòó. Bí ọ̀kan nínú wa bá fẹ́ kọ nǹkan níbi tí kò sí tábìlì, èkejì á tẹ̀ ba, á fi ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe tábìlì fún un. Orí ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ti parí àìmọye iṣẹ́ àṣetiléwá kí aago tó lù. Ìyá ìyá mi, Màmá Àgbà, nìkan ni kì í pè mí ní Ìgbín. Ó ní ọmọ lòun bí, ọmọ náà ló bí mi, òun ò rántí ibi tí ìgbín ti wọ ọ̀rọ̀ náà.

Aránṣọ ni Màmá Àgbà. Ogójì ọdún ló fi jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ kí ojú rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Kò sí aṣọ tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò kọ́kọ́ di ojú rírán rẹ̀ mú lọ́tùn-ún lósì, kó fà á dáadáa, kó mọ̀ bóyá òwú máa já. Ó ní ó sàn kó já lọ́wọ́ òun ju kó já lára oníbàárà láàrin èrò. Nítorí náà, nílé wa, bí wọ́n bá fẹ́ kí o yẹ nǹkan wò, "fà á wò" ni wọ́n máa ń wí. Bí mo bá ṣe ìṣirò, á ní, "Ṣé o ti fà á wò?" Bí ìyá mi bá se ọbẹ̀, á ní, "Ṣé o ti fà á wò?" Ọbẹ̀ tí kò ní ojú rírán kankan.

Lọ́dún tó kọjá, ó yọ̀ ṣubú, egungun ìbàdí rẹ̀ sì ṣẹ́. Wọ́n tò ó, ó ń fi ọ̀pá rìn, ṣùgbọ́n kò lè tẹ̀ ba bu omi nínú korobá mọ́, bó bá sì jókòó sórí àpótí, kò lè dá dìde. Ìyá mi ló wá ń wẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n bá ti bọ́ aṣọ rẹ̀, ó máa ń kọjú sí ògiri, kò sì ní sọ̀rọ̀ títí wọ́n á fi parí. Lọ́jọ́ kan tí mo gbé aṣọ ìnura dání dè é, ó sọ fún mi pé, "Ọmọ mi, ohun tí mò ń fẹ́ láyé yìí kò pọ̀. Kí n ti ilẹ̀kùn balùwẹ̀ mọ́ ara mi, kí n dá wẹ̀."

Ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ni èmi àti Ìkarahun ń lọ, iṣẹ́ páìpù sì ni a yàn. Nígbà tí tíṣà wa ní kí a pín ara wa ní méjì méjì, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ ṣe iṣẹ́ gidi kan nílé ẹnìkan fún ìdánwò àṣekágbá, mo ti mọ iṣẹ́ tí a máa ṣe kó tó dákẹ́. Ṣáwà la máa ṣe fún Màmá Àgbà, pẹ̀lú irin ìdìmú lára ògiri.

Tún-un-wò ni orúkọ tí a sọ tíṣà náà lẹ́yìn, nítorí pé bí o bá fi iṣẹ́ hàn án, kò ní wò ó kó tó ní, "Lọ tún un wò." Ó kọ́kọ́ wá wo ilé wa. Ó dúró ní ẹ̀yìnkùlé, ó gbójú sókè wo táǹkì wa lórí òpó irin gíga tó wà, ó sì ní omi á lágbára.

"Ohun kan ṣoṣo ni mò ń bẹ̀rù," ó ní. "Hítà inú balùwẹ̀ yín ti ní páìpù tirẹ̀ láti táǹkì. Ilé ìdáná ní tirẹ̀. Méjì nìyẹn. Omi tútù tí ẹ máa gbé wá sí ṣáwà gbọ́dọ̀ ní páìpù tirẹ̀ náà, ìkẹta. Ẹ má ṣe já a lára ti ilé ìdáná o. Bí ẹ bá já a níbẹ̀, ọjọ́ tẹ́nìkan bá ṣí ẹ̀rọ omi ilé ìdáná, ibẹ̀ ni omi tútù máa sá lọ, gbígbóná nìkan ló máa kù lára ẹni tó ń wẹ̀. Ṣé ó yé yín?"

A ní ó yé wa. Ó sì yé wa lóòótọ́, àwa méjèèjì.

Èmi gba inú balùwẹ̀: kí n gbẹ́ ògiri, kí n de ẹ̀rọ tó ń po omi gbígbóná mọ́ tútù, kí n gbé ṣáwà sókè. Ìkarahun gba òkè: kó gun òpó irin, kó lu ihò tuntun sí ìsàlẹ̀ táǹkì, kó mú páìpù gba inú àjà wá bá mi. Òun fúnra rẹ̀ ló ní òun fẹ́ òkè. Mo ti fi í yangàn káàkiri kíláàsì pé ọ̀rẹ́ mi lè gun ibi tí ológbò ń bẹ̀rù. A ní láti fa omi táǹkì gbẹ kí ó tó lu ihò náà, nítorí náà ìyá mi ti bu omi kún gbogbo korobá àti ìkòkò tó wà nílé.

Lọ́jọ́ Sátidé tí omi jáde yìí, ìyá mi wo àwọn korobá náà, ó sì ní, "Ẹ ní kí n bu omi sílẹ̀, ẹ̀rọ ilé ìdáná ò sì dákẹ́ ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Kí ni kí n wá fi gbogbo èyí ṣe?"

"Iṣẹ́ wa ló yá, Mà," Ìkarahun dá a lóhùn.

Inú mi dùn. Mo rò pé ọ̀rẹ́ mi mọ iṣẹ́ ni. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò lè fa táǹkì gbẹ, kó tún lu ihò sí i, kó tún kún un padà. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nísinsìnyí. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà náà pẹ̀lú, àmọ́ mi ò rò ó.

Ó ku ìdánwò tí Tún-un-wò ní kí a ṣe kí a tó fi fọ́ọ̀mù tí a ń kọ iṣẹ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan sí sílẹ̀. Ẹnìkan á dúró sábẹ́ ṣáwà, omi á lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹnì kejì á ṣí ẹ̀rọ ilé ìdáná, á sì fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí omi ara ẹni àkọ́kọ́ kò bá yí padà, iṣẹ́ dára. Ṣùgbọ́n kò sí iná mànàmáná lọ́jọ́ náà, hítà ò lè ṣiṣẹ́.

"Ká dúró kí iná dé," mo wí.

"Tó bá wá di ọ̀la ńkọ́?" Ìkarahun ní. "Ìgbín, omi ń jáde àbí kò jáde? Gbogbo kíláàsì ló ń jókòó sílé kọ ọ́ pé àwọn ti dán an wò. Jẹ́ kí n mú fọ́ọ̀mù náà lọ sílé, mo máa bá wa kún un. O kàn máa buwọ́ lù ú ni."

Iná dé ní ọjọ́ Àìkú. Mo rí i tó dé. Mo ní lọ́kàn mi pé n ó dán ṣáwà náà wò bí Ìkarahun bá wá, kò sì wá, mo sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, aago ti ń lù nígbà tí mo bá a lẹ́nu géètì ilé ẹ̀kọ́. Ó fi fọ́ọ̀mù náà lé mi lọ́wọ́, ó yí padà, ó sì tẹ̀ ba kí n tó sọ ohunkóhun. Mo tẹ́ ìwé náà sórí ẹ̀yìn rẹ̀ bí a ṣe máa ń ṣe. Ìsàlẹ̀ nìkan ni mo rí, níbi tí wọ́n fa ìlà sí. Mo buwọ́ lù ú, a sì sáré wọlé.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Màmá Àgbà múra ìwẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ lọ sóde. Ó gbé ọṣẹ, ó gbé kànìnkànìn, ó so aṣọ ìnura mọ́ àyà. Ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀ ló dé tó fi dúró, tó fọwọ́ kan ara ẹ̀rọ tuntun náà, tó sì bojú wẹ̀yìn.

"Ṣé ẹ ti fà á wò?"

"A ti fà á wò, Màmá Àgbà," mo fèsì.

Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ ọ́.

Ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ omi, lẹ́yìn náà mo gbọ́ tó ń dá orin kọ sínú. Ó pẹ́ níbẹ̀ dé ibi tí mo fi kan ilẹ̀kùn pé ṣé kò sí wàhálà. "Fi mí sílẹ̀, jọ̀ọ́," ó ní, "ọdún kan gbáko ni mò ń wẹ̀ lónìí." Nígbà tó jáde, ó ti ró aṣọ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó ń wò wá bíi pé àwa ló yẹ ká wọ balùwẹ̀ nítorí pé a dọ̀tí.

Ọjọ́ márùn-ún ló fi wẹ̀ báyìí. Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ló máa ń wẹ̀, ìyá mi sì máa ń wà níbi iṣẹ́ rẹ̀ ní ilé búrẹ́dì títí di agogo mẹ́fà, nítorí náà kò sẹ́ni tó ń ṣí ẹ̀rọ ilé ìdáná ní wákàtí yẹn. Ní Sátidé kejì, ìyá mi wà nílé. Ó ní ìkòkò tó fẹ́ fọ̀.

Inú yàrá ni mo wà tí mo gbọ́ igbe náà. Kò gùn. Ó kúrú, ó sì tún kúrú, bí ẹni tí kò rí èémí fi ké. Mo já ilẹ̀kùn wọlé, ooru kún gbogbo balùwẹ̀. Màmá Àgbà fi ọwọ́ kan di irin ìdìmú mú, ó ń fi èkejì wá ẹ̀rọ kiri ara ògiri, kò sì rí i, ìbàdí rẹ̀ kò sì jẹ́ kó lè fò kúrò lábẹ́ omi. Èmi ni mo ti ẹ̀rọ náà. Láti èjìká rẹ̀ òsì dé àárín ẹ̀yìn ni omi náà bó.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n tọ́jú ara rẹ̀, wọ́n dì í, wọ́n ní ó máa san ṣùgbọ́n ó máa pẹ́. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, mi ò lè gbójú sókè. Kò bú mi. Ì bá wù mí kó bú mi.

"O ní ẹ ti fà á wò," ó wí.

Mo fa aṣọ ibùsùn bò ó lẹ́sẹ̀.

"Bí o bá ní ẹ ò tíì fà á, mo máa dúró. Ọdún kan ni mo ti dúró. Kí ni ọ̀sẹ̀ kan fẹ́ ṣe mí?"

Ó yí ojú rẹ̀ sí ògiri, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe bí wọ́n bá ń wẹ̀ ẹ́. Nígbà tó padà délé, ó ní kí wọ́n gbé korobá àti àpótí wọ balùwẹ̀ padà.

Ọjọ́ Àìkú ni mo tó lọ sí ẹ̀yìnkùlé, tí mo gbójú sókè wo táǹkì. Mo ka àwọn páìpù tó ti ìsàlẹ̀ rẹ̀ jáde. Méjì ni. Mo tún un kà. Ọmọ tó bá ti lè kà dé mẹ́ta ì bá rí i, èmi sì ń gba ibẹ̀ kọjá lójoojúmọ́, mò ń sá aṣọ síbẹ̀. Mo wọ inú àjà, mo sì bá a níbẹ̀: oríta páìpù kékeré, èyí tí àwa ń pè ní tíì, lára páìpù ilé ìdáná. Ibẹ̀ ló ti já omi tútù wá bá mi. Kò dé òkè òpó irin rárá.

Gbogbo àdúgbò ló wá kí Màmá Àgbà lọ́jọ́ náà. Ìkarahun nìkan ni kò wá.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Tún-un-wò wá ṣe àyẹ̀wò rẹ̀, ó sì mú Ìkarahun dání. Ìyá mi ti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Ó dúró ní pálọ̀ wa, ó ṣí fọ́ọ̀mù náà, ojú rẹ̀ kò sì dùn ún wò.

"Ta ló ṣe òkè nínú ẹ̀yin méjèèjì?"

Mo wo Ìkarahun. Mò ń dúró kó sọ̀rọ̀. Ilẹ̀ ló ń wò.

"Níbí," Tún-un-wò ní, ó fi ìka kan ìwé náà, "ìwọ ni wọ́n kọ pé o ṣe òkè." Èmi ni ó ń wò.

"Èmi kẹ̀, sà?"

Ó yí fọ́ọ̀mù náà sí mi. Mo rí orúkọ mi níwájú "Iṣẹ́ òkè àti táǹkì", mo rí orúkọ rẹ̀ níwájú "Iṣẹ́ inú balùwẹ̀". Ọwọ́ òsì Ìkarahun ló kọ ọ́, mo mọ ọwọ́ rẹ̀ bí mo ṣe mọ tèmi. Mo tún rí ọjọ́ tí wọ́n kọ sókè. Ó ti gbé orúkọ mi síbẹ̀ kí omi gbígbóná tó kan Màmá Àgbà lára. Ó mọ̀ pé iṣẹ́ náà kò dára, ó mọ ẹni tó máa wẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ó sì ti wá ẹni tó máa ru ẹ̀bi rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tẹ̀ ba fún mi lẹ́nu géètì, kí n lè buwọ́ lù ú lórí ẹ̀yìn òun fúnra rẹ̀. Wọ́n máa ń sọ pé ẹni tí a ní kó kín ni lẹ́yìn ló fi ẹ̀gún sọ́wọ́. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ bí ẹ̀gún náà ṣe ń rí.

Tún-un-wò ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Ó gbé àkàbà, ó wọ inú àjà, a sì ń gbọ́ ìrìn rẹ̀ lókè orí wa. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ó gbọn ọwọ́ rẹ̀.

"Téèpù tí wọ́n fi dí ẹnu páìpù tó wà níbẹ̀, sódì ni wọ́n yí i," ó ní. "Nínú kíláàsì mi, ọlọ́wọ́ òsì kan ṣoṣo ló ń yí téèpù sódì. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń bá a wí."

Ìkarahun bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn, pé òtítọ́ ti gbè mí. Àṣé ó kù.

"Mo ti mọ ẹni tó ṣe òkè," Tún-un-wò kọjú sí mi. "Ìwọ ńkọ́? Ta ló buwọ́ lu ìsàlẹ̀ ìwé yìí?"

"Èmi ni, sà."

"Ṣé o kà á?"

"Rárá, sà."

"Wọ́n kọ ọ́ síbí pé ẹ dán an wò fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ṣé ẹ dán an wò?"

"Rárá, sà."

Ó ká ìwé náà. "Ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ẹ̀yin méjèèjì kò ní máàkì kankan. Oṣù mẹ́ta sí i ni àtúnṣe ìdánwò, olúkúlùkù á dá ṣe tirẹ̀." Ó wo Ìkarahun. "Ìwọ, ó kù díẹ̀ kí wọ́n lé ọ. Sọ fún àwọn òbí rẹ kí wọ́n wá rí mi lọ́la."

Nígbà tó wọlé lọ kí Màmá Àgbà, èmi àti Ìkarahun wà ní ẹ̀yìnkùlé, lábẹ́ táǹkì.

"Ẹ̀rù òkè ń bà mí," ó ní. "Mo gun irin kẹta, mo sì sọ̀ kalẹ̀. O ti sọ fún gbogbo èèyàn pé mo lè gun ibikíbi. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ fún ọ."

"Ká ní o sọ fún mi, èmi ì bá gùn ún."

"Mo mọ̀."

"Ẹ̀rù ló gbé ọ dé inú àjà. Ó yé mi. Kí ló wá gbé orúkọ mi dé inú fọ́ọ̀mù?"

Ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀. Mo dúró kó dá mi lóhùn. Kò dá mi lóhùn, títí dòní kò tíì dá mi lóhùn, ohun tó sì dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn ju òun lọ, mo sì kọ̀ kó fọwọ́ kàn mí.

Òun àti ìyá rẹ̀ wá bẹ Màmá Àgbà. Màmá Àgbà dárí jì í kíákíá, kíákíá ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo bínú sí i pé ó jẹ́ kó rọrùn tó bẹ́ẹ̀ fún Ìkarahun.

"Kì í ṣe ọmọ yẹn ni mo bi léèrè," Màmá Àgbà ní. "Kò purọ́ fún mi. Ìwọ ni mo bi."

Mo kúnlẹ̀ níbi tí mo wà. Gbogbo ọ̀sẹ̀ náà ni mo ti ń ka ohun tí Ìkarahun ṣe sí mi. Mi ò tíì ka ohun tí èmi ṣe. Bí ó ṣe fi ọ̀rọ̀ dídùn gba ìfọkàntán mi, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo gba ti Màmá Àgbà lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀, pẹ̀lú gbólóhùn kan ṣoṣo.

Mo tún iṣẹ́ náà ṣe lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Tún-un-wò yá mi ní irin ìluhò rẹ̀, ó dúró nísàlẹ̀ ó di àkàbà mú, kò sì fọwọ́ kan ohun mìíràn. Mo fa táǹkì gbẹ. Ìyá mi lo gbogbo omi tó bu sílẹ̀, ó tún lọ bu sí i. Mo lu ihò, mo de ẹnu rẹ̀, mo mú páìpù kẹta gba inú àjà, mo sì yọ tíì yẹn kúrò, mo dí ibẹ̀ pa. Ó gbà mí láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi ń wọ̀. Iná wà. Hítà gbóná.

"Màmá Àgbà, mo ti parí," mo ní. "Mo ti…"

"Dákẹ́ ná." Ó ti dìde, ó ti mú ọ̀pá rẹ̀. "Wọ balùwẹ̀ lọ. Jẹ́ kí omi lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí o dúró sábẹ́ rẹ̀. Èmi ni n ó ṣí ẹ̀rọ."

Mo wọlé, mo wọ singileeti kan ṣoṣo, mo sì dúró níbi tó dúró lọ́jọ́ náà. Omi ń dà sí èjìká mi. Mo gbọ́ ọ̀pá rẹ̀ tó ń dún lọ sí ilé ìdáná, kò yára rárá. Ẹ̀rù bà mí. Mo mọ gbogbo páìpù tó wọ ṣáwà náà, ọwọ́ mi ló de wọ́n, síbẹ̀ mo ti na ọwọ́ sí ẹ̀rọ, mo múra àtitì í. Ìgbà yẹn ló tó yé mi ohun tí mo ní kó lọ dúró sábẹ́ rẹ̀.

"Mo ti ṣí i," ó pè.

Mo gbọ́ omi tó ń rọ́ ní ilé ìdáná. Ìyá mi ṣí ẹ̀rọ ẹ̀yìnkùlé, èyí tó já lára páìpù ilé ìdáná, mọ́ ọn láìjẹ́ pé wọ́n bẹ̀ ẹ́. Mo ka ọgọ́ta, mo tún ka ọgọ́ta, títí mo fi kà á lẹ́ẹ̀marùn-ún. Omi ara mi kò yí padà.

Nígbà tí mo jáde, ó na ọwọ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan èjìká mi, ó sì fi í síbẹ̀ díẹ̀, bó ṣe máa ń di ojú rírán mú. "Ó dáa," ó wí. Ṣùgbọ́n kò wọlé lọ wẹ̀. Ó ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́la, kí n tún un ṣe lọ́túnla. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi dúró sábẹ́ ṣáwà náà níṣojú rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹwàá, mo ti ilé ẹ̀kọ́ dé, mo sì bá ilẹ̀kùn balùwẹ̀ ní títì. Mi ò kàn án. Mo jókòó sílẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà títí ó fi wẹ̀ tán.

Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, a tò sórí ìlà níwájú ọ́fíìsì láti gba fọ́ọ̀mù tuntun. Ìkarahun ló wà níwájú mi. A máa ń kí ara wa báyìí, a kì í jókòó pọ̀. Wọ́n pín fọ́ọ̀mù fún wa, mo yọ bírò mi, mo sì ń wá ibi tí mo máa gbé ìwé lé. Kó tó mọ ohun tó ń ṣe, Ìkarahun ti yí padà, ó ti tẹ̀ ba.

Mo wo ẹ̀yìn náà. Ó pẹ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, mo mọ ibi tí bírò ti máa ń ri wọlé àti ibi tó ti le. Ó wù mí kí ohun gbogbo rí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

"Dìde," mo sọ fún un jẹ́jẹ́. "Tábìlì wà nínú."

Mo wọlé, mo tẹ́ fọ́ọ̀mù náà sórí tábìlì, mo sì kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ kí n tó kọ orúkọ mi. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ fẹ́ràn ọ̀rẹ́ yín, ṣùgbọ́n ẹ má fi ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe ojú yín. Ohun tí o kò bá fà wò, má sọ fún ẹni tó gbà ọ́ gbọ́ pé o ti fà á wò, torí ara ẹlòmíràn ló máa já sí.